Bí Jíìnì Bakitéríà Inú Kànìnkànìn Òkun Ṣe Ń Yí Padà Láti Bá Ibùgbé Wọn Mu

Bakitéríà ni oúnjẹ kànìnkànìn òkun, ẹranko tí òyìnbó ń pè ní sponge, síbẹ̀ bakitéríà ló kún inú ara rẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀dá yìí, nítorí kò rọrùn láti rí bí ohun kan náà ṣe lè jẹ́ oúnjẹ fún ẹranko kan, kí ó sì tún jẹ́ ará ilé rẹ̀. Inú jíìnì, ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, ni ìdáhùn wà. Àwọn bakitéríà tó ń gbé inú kànìnkànìn kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń léfòó káàkiri inú omi òkun, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín wọn wà ní àkọsílẹ̀ nínú DNA wọn, okùn inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wà lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ìyàtọ̀ náà ṣe wáyé, ohun tí àwọn bakitéríà yìí jèrè, ohun tí wọ́n pàdánù, àti ìdí tí àdánù náà fi ṣe pàtàkì tó èrè, bí kò bá tilẹ̀ jù ú lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tí àwọn bakitéríà yìí ń gbé. Ẹranko ni kànìnkànìn òkun, kì í ṣe ewéko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ló máa ń wà láti ìgbà tó bá ti lẹ̀ mọ́ àpáta títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Kò ní ẹnu, kò ní ikùn, kò ní ọpọlọ, kò sì ní iṣan ìmọ̀lára kankan. Ihò wẹ́wẹ́ ló wà lára rẹ̀ káàkiri. Omi ń gba ibẹ̀ wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní irù tín-ín-rín tó ń jù láìdáwọ́ dúró ló ń fa omi náà, wọ́n ń mú àwọn ohun kéékèèké tó bá omi wá, wọ́n ń jẹ wọ́n, omi yòókù sì ń gba ihò tó tóbi jù jáde. Kànìnkànìn tó wọn kílò kan lè sẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà omi láàárín ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan bakitéríà ló wà nínú mìlílítà omi òkun kan ṣoṣo. Iye bakitéríà tó ń gba inú ẹranko yìí kọjá lójúmọ́ kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló sì ń bá ikú pàdé níbẹ̀.

Láàárín awọ òde kànìnkànìn àti àwọn ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá nínú rẹ̀, ẹran ara rírọ̀ kan wà, ibẹ̀ sì ni ibùgbé àwọn bakitéríà tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn kànìnkànìn kan wà tó jẹ́ pé nínú gíráàmù kan ẹran ara wọn, bakitéríà tó wà níbẹ̀ ń lọ láti mílíọ̀nù 100 títí dé bílíọ̀nù 10, débi pé bakitéríà lè kó tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ara ẹranko náà. Àwọn mìíràn wà tí bakitéríà inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti omi tó yí wọn ká lọ. Àwọn tó kún fọ́fọ́ ni àlàyé yìí dá lé jù, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀rí ti pọ̀ jù. Nínú àwọn olùgbé ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Jámánì fún ní orúkọ Poribacteria ní ọdún 2004, nítorí pé inú kànìnkànìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí wọn. Àwọn ẹ̀dá tín-ín-rín kan tún wà níbẹ̀ tí à ń pè ní archaea, tí wọn kì í ṣe bakitéríà rárá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí wọn jọra. Wọn yóò yọjú nínú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé iṣẹ́ wọn wé mọ́ ti bakitéríà.

Kí a tó lọ jìnnà, èrò kan wà tó yẹ kí a mú kúrò lọ́nà. Bí a bá gbọ́ pé bakitéríà yí jíìnì rẹ̀ padà láti bá àyíká rẹ̀ mu, ó rọrùn láti rò pé bakitéríà náà wo àyíká, ó rí ohun tí kò tó, ó sì tún ara rẹ̀ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bakitéríà kò lè pinnu irú jíìnì tí yóò ní. Ìyípadà kàn ń ṣèèṣì bá DNA rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú ìyípadà náà ni kò sì wúlò fún un, òmíràn tilẹ̀ ń pa á. Ṣùgbọ́n bakitéríà ń pọ̀ sí i nípa pípín sí méjì, iye wọn sì pọ̀ débi pé nínú bílíọ̀nù wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ yóò wà tí ìyípadà tó ṣèèṣì bá wọn yóò jẹ́ kí wọ́n rọ́wọ́ mú níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń kú. Àwọn wọ̀nyí ni irú-ọmọ wọn ń pọ̀ jù, àwọn irú-ọmọ náà sì ń jogún ìyípadà ọ̀hún. Bí èyí bá ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran, tó bá yá, yóò jọ pé ẹnì kan jókòó ṣètò rẹ̀. Àwọn kànìnkànìn sì ti wà nínú òkun fún ohun tó ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, nítorí náà àkókò kò wọ́n rárá.

Ìyípadà kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo wọ inú DNA. DNA jẹ́ okùn gígùn tí èròjà mẹ́rin, tí a máa ń fi lẹ́tà A, T, G àti C dúró fún, tò tẹ̀lé ara wọn lórí rẹ̀. Jíìnì kan sì jẹ́ apá kan lára okùn náà tó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe mọ pròtéènì kan. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe àdàkọ okùn yìí kí ó tó pín sí méjì, ó lè ṣi lẹ́tà kan kọ, ó lè fo odidi jíìnì kan, ó sì lè kọ jíìnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù nìyẹn. Èyí tó yani lẹ́nu jù lọ́dọ̀ bakitéríà ni pé wọ́n lè gba jíìnì lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe òbí wọn. Bakitéríà kan lè fà mọ́ òmíràn kí ó sì fi ẹ̀dà DNA lé e lọ́wọ́, ó lè gbé DNA tó já sínú omi láti ara òkú sẹ́ẹ̀lì, fáírọ́ọ̀sì tó sì ń ba bakitéríà jà lè gbé jíìnì láti ara ọ̀kan lọ sí ara èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn apá DNA kan wà tó mọ̀ ọ́n ṣe láti gé ara wọn kúrò níbi kan lọ fi ara wọn há ibòmíràn. Inú kànìnkànìn, níbi tí bílíọ̀nù bakitéríà ti ń gbé ní ìfarakínra, ibi tí irú pàṣípààrọ̀ báyìí ti rọrùn ni, àwọn jíìnì tó ń mú kí DNA ṣí kúrò lójú kan sì pọ̀ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe pọ̀ láàárín bakitéríà omi òkun lọ.

Ẹnì kan lè béèrè pé báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ bakitéríà inú kànìnkànìn ni kò gbà láti dàgbà nínú àwo ní yàrá ìwádìí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n máa ń gé díẹ̀ lára kànìnkànìn, wọ́n á yọ gbogbo DNA tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ ka lẹ́tà ara wọn ní kékeré kékeré, kọ̀ǹpútà á sì to àwọn kékeré wọ̀nyí pọ̀ títí tí odidi àkọsílẹ̀ jíìnì bakitéríà kọ̀ọ̀kan yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ti àwọn bakitéríà inú omi tó yí kànìnkànìn náà ká, kí wọ́n lè rí èyí tó wà níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún. Ọ̀nà yìí lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ó ní ààlà kan tó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn: bí a bá rí jíìnì kan nínú àkọsílẹ̀, ìyẹn fi hàn pé bakitéríà náà lè ṣe iṣẹ́ kan, kò tíì fi hàn pé ó ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka àwọn ìwádìí díẹ̀ tí wọ́n ti dán jíìnì wò ní tààràtà sí ju ọ̀pọ̀ tó kàn ka iye wọn lọ.

Ìṣòro tó le jù fún bakitéríà tó bá wọ inú kànìnkànìn ni bí a kò ṣe ní jẹ ẹ́. Kànìnkànìn kan wà ní Òkun Mẹditaréníà tó ní àwọ̀ ìyeyè, Aplysina aerophoba ni orúkọ rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, wọ́n fi kànìnkànìn yìí sínú omi, wọ́n sì gbé oríṣi bakitéríà méjì síwájú rẹ̀: àwọn tó wá láti inú omi òkun, àti àwọn tí wọ́n yọ láti inú irú kànìnkànìn náà gan-an. Àwọn ti omi òkun dín kù kíákíá nítorí pé ẹranko náà ń jẹ wọ́n. Àwọn ti inú kànìnkànìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín kù rárá. Omi kan náà ni, ihò kan náà ni gbogbo wọn gbà wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹun kan náà ni wọ́n kọjá lára wọn, síbẹ̀ ìyà kan náà kò jẹ wọ́n. Ó hàn gbangba pé ohun kan wà lára àwọn bakitéríà wọ̀nyí tó ń gbà wọ́n sílẹ̀.

Ọ̀kan lára ohun tí àwọn onímọ̀ fura sí ni ẹgbẹ́ pròtéènì kan tó jọ ti ẹranko ju ti bakitéríà lọ. Àwọn pròtéènì yìí ní apá kúkúrú kan tó ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra, ọ̀kan tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni à ń pè ní ankyrin. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko, iṣẹ́ irú apá bẹ́ẹ̀ ni láti so pròtéènì kan mọ́ òmíràn, kí iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì lè máa lọ létòlétò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà gbé àkọsílẹ̀ jíìnì bakitéríà inú kànìnkànìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti omi òkun, wọ́n rí i pé irú jíìnì yìí pọ̀ gidigidi ní ọ̀dọ̀ àwọn ti inú kànìnkànìn. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé kí ni bakitéríà fẹ́ fi pròtéènì tó jọ ti ẹranko ṣe. Ìdáhùn tó bọ́gbọ́n mu ni pé ó ń fi dá sí ọ̀rọ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ jẹ ẹ́, kí ìjẹun náà má baà parí.

Wọ́n dán èyí wò, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 ni. Wọ́n mú jíìnì ankyrin díẹ̀ láti ara bakitéríà kan tó ń gbé inú kànìnkànìn Cymbastela concentrica, wọ́n sì fi wọ́n sínú E. coli, bakitéríà tí gbogbo yàrá ìwádìí mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kànìnkànìn ṣòro láti tọ́jú ní yàrá ìwádìí, amíbà, ẹ̀dá tín-ín-rín tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ni wọ́n lò dípò rẹ̀, torí pé amíbà náà máa ń yí bakitéríà po, tí á gbé e mì, tí á sì dà á nínú àpò kékeré kan nínú ara rẹ̀. Wọ́n fi E. coli tí kò ní jíìnì náà bọ́ amíbà, ó gbé wọn mì, ó sì dà wọ́n bó ti yẹ. Wọ́n fi èyí tó ní jíìnì náà bọ́ ọ, ó gbé wọn mì, ṣùgbọ́n wọn kò dà. Ńṣe ni wọ́n ń kó jọ sínú àpò náà. Ohun tí ìwádìí yìí fi hàn ṣe kedere: jíìnì náà nìkan, láìsí ìrànlọ́wọ́ ohun mìíràn láti ara bakitéríà tó ni ín, tó láti yí ọ̀rọ̀ padà láàárín ẹni tó ń jẹ àti ẹni tí wọ́n ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá gbòòrò sí i ní 2019, nígbà tí wọ́n rí jíìnì ankyrin lára àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba bakitéríà jà nínú kànìnkànìn Òkun Mẹditaréníà. Nígbà tí bakitéríà tó ní jíìnì fáírọ́ọ̀sì yìí pàdé àwọn sẹ́ẹ̀lì eku tó máa ń gbé kòkòrò àrùn mì, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò jà tó bó ṣe yẹ kí wọ́n jà, wọn kò sì gbé bakitéríà náà mì tó bó ṣe yẹ. Fáírọ́ọ̀sì tí gbogbo wa kà sí ọ̀tá bakitéríà lè jẹ́ ẹni tó ń gbé ààbò ká láàárín wọn. Ó sì bá ọgbọ́n mu, nítorí bí kànìnkànìn bá jẹ bakitéríà tí fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú rẹ̀, òun náà ti bá a lọ.

Kì í ṣe jíìnì tuntun nìkan ló ń gba bakitéríà lọ́wọ́ ìjẹ. Nígbà mìíràn, jíìnì tó sọnù ló ń ṣe é. Bakitéríà kan wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewéko ti ń ṣe, Synechococcus spongiarum ni wọ́n pè é, inú ọ̀pọ̀ kànìnkànìn ní oríṣiríṣi òkun ni a sì ti rí i. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń léfòó nínú òkun máa ń ní okùn ṣúgà gígùn lórí awọ ara wọn, èyí tí sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ jẹ wọ́n àti fáírọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọ inú wọn lè fi dá wọn mọ̀. Nígbà tí wọ́n ka àkọsílẹ̀ jíìnì àwọn ti inú kànìnkànìn ní ọdún 2014 àti 2015, wọ́n rí i pé àwọn jíìnì tó ń ṣe okùn ṣúgà yìí ti pòórá. Bakitéríà tí kò ní ohun tí wọ́n ń wò mọ̀ ọ́n lára mọ́ á kọjá láìsí ẹni tó dá a dúró.

Àkọsílẹ̀ Synechococcus ti inú kànìnkànìn Òkun Pupa tún fi àdánù mìíràn hàn: wọ́n ti pàdánù àwọn jíìnì kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ìpalára ọ́síjìn, àti àwọn kan lára ohun kéékèèké tó ń ran ètò ìmọ́lẹ̀ wọn lọ́wọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í gbọ́, nítorí wọ́n rò pé kí ẹ̀dá bá àyíká mu túmọ̀ sí kí ó máa ní nǹkan kún nǹkan. Ayálégbé tó wọ ilé tí onílé ti pèsè ibùsùn, àga àti ìkòkò sílẹ̀ kò ní rí ìdí tí yóò fi máa ru tirẹ̀ kiri. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún bakitéríà. Inú kànìnkànìn kì í yí padà tó bí ojú òkun ṣe ń yí padà, nítorí náà jíìnì tó wúlò fún ìgbésí ayé ojú òkun lè bàjẹ́ láìsí ìyà kankan. Bí àṣìkọ bá ba irú jíìnì bẹ́ẹ̀ jẹ́ lára bakitéríà omi òkun, yóò kú, irú-ọmọ rẹ̀ kò sì ní sí mọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ti inú kànìnkànìn, kò sí ohun tó ṣe é, àṣìkọ mìíràn á sì tún gorí rẹ̀ títí tí jíìnì náà yóò fi parẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni àkọsílẹ̀ jíìnì wọn ń kéré sí i, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì wo Entotheonella. Bakitéríà yìí ń gbé inú kànìnkànìn Theonella swinhoei. Nígbà tí wọ́n ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti inú kànìnkànìn tí wọ́n mú ní òkun Japan, ìwádìí tó jáde ní 2014, wọ́n rí i pé ó lé ní mílíọ̀nù 9 lẹ́tà, nígbà tó jẹ́ pé ti E. coli ń lọ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6. Apá ńlá nínú rẹ̀ ló jẹ́ jíìnì tó ń ṣe oríṣiríṣi èròjà olóró, àwọn èròjà tí ènìyàn lè rò pé kànìnkànìn náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Bakitéríà ló ń ṣe é. Kànìnkànìn kò lè sá, kò sì lè bunijẹ, nítorí náà èròjà tó ń mú kí ẹja kọ̀ láti jẹ ẹ́ jẹ́ ààbò fún òun àti fún bakitéríà tó fi í ṣe ilé. Ohun mìíràn tún wà nípa Entotheonella tó yà mí lẹ́nu: ní Òkun Pupa, Theonella swinhoei máa ń ní arsenic lára ní ìwọ̀n tó ga púpọ̀, ìwádìí tó jáde ní 2017 sì fi hàn pé inú sẹ́ẹ̀lì bakitéríà yìí ni májèlé náà ń dì sí, pẹ̀lú barium, ní ipò tí kò fi ní pa ẹranko náà lára.

Ìdí tí ọ̀kan fi ń sọ jíìnì nù tí èkejì sì ń kó wọn jọ ní í ṣe pẹ̀lú bí bakitéríà ṣe ń dé inú ọmọ kànìnkànìn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, bakitéríà máa ń wà nínú ẹyin tàbí nínú ọmọ tuntun tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ wá ibi tí yóò lẹ̀ mọ́. Bakitéríà tó jẹ́ pé láti ara ìyá sí ara ọmọ nìkan ló ń lọ kò ní ohun tó fẹ́ fi jíìnì ojú òkun ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi hàn pé bí kànìnkànìn ṣe ń fi bakitéríà lé ọmọ lọ́wọ́ kò dọ́gba, àti pé àwọn ọmọ ìyá kan náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gba irú bakitéríà kan náà ju bí ó ṣe lè ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ bakitéríà ṣì ń gba inú omi òkun dé, ẹni tó bá sì ní láti la òkun kọjá kò lè sọ gbogbo irinṣẹ́ òkun nù.

Ní ti fáírọ́ọ̀sì, ewu inú kànìnkànìn ga ju ti ìta lọ. Ẹranko tó ń sẹ́ omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń fa fáírọ́ọ̀sì wọlé láìsinmi, ibi tí bakitéríà bá sì ti há gádígádí ni fáírọ́ọ̀sì ti ń ráyè tàn. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé jíìnì ààbò lòdì sí DNA àjèjì pọ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn bakitéríà wọ̀nyí ju ní ọ̀dọ̀ àwọn ti omi òkun lọ. Oríṣi kan nínú ààbò náà ń fi àmì sára DNA bakitéríà fúnra rẹ̀, ó sì ń gé DNA yòówù tí kò bá ní àmì yẹn. Oríṣi kejì ni èyí tí gbogbo ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, CRISPR. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé tí bakitéríà sì yè é, ó lè gé díẹ̀ lára DNA fáírọ́ọ̀sì náà, kí ó sì fi í pamọ́ sáàárín DNA tirẹ̀. Bí irú fáírọ́ọ̀sì yẹn bá tún padà wá, sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe ẹ̀dà ohun tó fi pamọ́, yóò fi wá ibi tó bá a mu lára DNA àlejò náà, yóò sì gé e níbẹ̀. Níwọ̀n bí ohun tó pamọ́ yìí ti di ara DNA bakitéríà, àwọn ọmọ rẹ̀ ń jogún rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ti mẹ́nu bà, èyí nìkan ló sún mọ́ kí bakitéríà kọ́ ẹ̀kọ́ nígbà ayé rẹ̀ kí ó sì fi ẹ̀kọ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí náà kò kọjá orí fáírọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kù. Ẹran ara kànìnkànìn kún fún àwọn okùn ṣúgà tó so mọ́ pròtéènì, Poribacteria sì ní ọ̀pọ̀ jíìnì fún ẹ́ńsáìmù, ìyẹn pròtéènì tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì, tó lè já irú ṣúgà bẹ́ẹ̀. Kànìnkànìn tún máa ń tu amóníà jáde gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí ara rẹ̀, amóníà tó bá sì pọ̀ jù jẹ́ májèlé fún un. Àwọn archaea inú rẹ̀ ní jíìnì tí wọ́n fi ń sọ amóníà di agbára fún ara wọn. Lára àwọn tí a kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa ni Cenarchaeum symbiosum, tí wọ́n ṣàpèjúwe ní 1996 láti inú kànìnkànìn kan ní etí òkun California. Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi nínú jù ni ti kànìnkànìn Ianthella basta ní Great Barrier Reef, àpáta ìyùn ńlá inú òkun Ọsirélíà, nítorí ó fi hàn bí jíìnì ẹni méjì ṣe lè wọnú ara wọn. Èròjà kan tó ń jẹ́ taurine pọ̀ nínú ara kànìnkànìn yìí. Bakitéríà inú rẹ̀ ní jíìnì tó ń gbé taurine wọlé tó sì ń tú u palẹ̀. Amóníà àti èròjà imí ọjọ́ ló ń jáde láti inú iṣẹ́ náà, archaea tó wà nítòsí sì ń gba amóníà yẹn láti fi ṣe agbára. Nínú omi gbalasa, jíìnì taurine lè má wúlò fún bakitéríà tó bẹ́ẹ̀. Níbí, òun ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bakitéríà yìí ní jíìnì tó ń ṣe fítámì B, tí ẹranko kò lè ṣe fún ara rẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 lórí oríṣi kànìnkànìn mẹ́fà láti omi Ọsirélíà fi ohun kan hàn tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lóye ọ̀rọ̀ yìí rò dáadáa. Bakitéríà inú kànìnkànìn kan kì í ṣe irú ti inú èkejì, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn tan. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí jíìnì wọn ń ṣe jọra: pròtéènì tó jọ ti ẹranko wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ààbò lòdì sí DNA àjèjì wà, iṣẹ́ lórí naitirójìn wà, nígbà mìíràn ẹ́ńsáìmù tó yàtọ̀ pátápátá ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìdílé bakitéríà kan ṣoṣo ló ní àwọn jíìnì yìí, a lè sọ pé wọ́n jogún wọn lọ́dọ̀ baba ńlá kan. Níwọ̀n bí ìdílé púpọ̀ tí kò tan mọ́ ara wọn ti dé ibi kan náà, ibùgbé náà gan-an ló ń yan irú jíìnì tí olùgbé rẹ̀ yóò ní.

Irú ìbámu tó jinlẹ̀ báyìí ní ààlà tirẹ̀, ìgbóná omi ló sì fi hàn jù. Kànìnkànìn Rhopaloeides odorabile ń gbé ní Great Barrier Reef. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi í sínú omi tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 27 àti 31 lórí ìwọ̀n Celsius, àwọn bakitéríà inú rẹ̀ kò yí padà. Ìwádìí náà jáde ní 2008. Nígbà tí ìgbóná náà dé 33, àwọn bakitéríà rẹ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, kànìnkànìn náà sì ń kú. Ìwádìí mìíràn ní 2013 ka jíìnì irú kànìnkànìn yìí nínú omi tó gbóná dé 32, ó sì rí i pé pàṣípààrọ̀ oúnjẹ láàárín ẹranko náà àti àwọn olùgbé rẹ̀ ti dàrú, àti pé àwọn bakitéríà àjèjì ti ń gba ipò àwọn àtijọ́. Ìyípadà jíìnì tí a ti ń ṣàlàyé láti òkè wá ń gba ọ̀pọ̀ ìran kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ péré sì ni omi gbígbóná fi lé àwọn tó ní i jáde.